Mo kọ "borrow" sínú ìwé owó, wọ́n ní èmi ni mo jẹ gbèsè

Ìyá Aláṣọ Iléṣà
Ọjọ́ Àìkú, aago 9:10 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń ta àǹkárá àti léèsì ní ọjà Atakúnmọ́sà níbí ní Iléṣà, ó ti lé ní ogún ọdún. Ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi tú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé e wá, kí ẹ lè mọ ìdí tí mi ò fi rí oorun sùn láti Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi. Gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ ló ń tà. Ọdún mẹ́rìnlá la fi jọ jẹun nínú abọ́ kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ há a, ó wá bá mi, mo ka ₦60,000 lé e lọ́wọ́. Inú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan náà làwa méjèèjì wà, òfin wa sì ni pé owó tó bá ti ju ₦20,000 lọ, kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo ka ìwé mẹ́wàá, èmi náà ni wọ́n máa ń pè láti bá wọn kọ nǹkan ní ìlà wa. Ohun tí mo kọ rèé, mi ò yí ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀:

"I borrow my friend the sum of ₦60,000 only."

A fọwọ́ sí i. Ó mú tirẹ̀, mo mú tèmi. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà ọdún yìí, ó ti san ₦15,000, ẹgbẹ̀rún márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá ti san án, màá fi bírò fa igi kan sẹ́yìn ìwé tèmi. Ó ku ₦45,000.

Ọ̀rẹ́ mi kú ní oṣù kẹjọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe gbé e kúrò ní ìsọ̀. Títí di òní, mi ò tíì lè gbójú sókè wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa.

Ní Ọjọ́bọ̀ làwọn ọmọ rẹ̀ méjì wá kí mi. Obìnrin ni àgbà, ó wà ní yunifásítì ní Ifẹ̀. Ọkùnrin ni àbúrò, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí girama. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n dúpẹ́ aṣọ tí mo kó sílẹ̀ nígbà ìsìnkú. Lẹ́yìn náà ni èyí àgbà tú ìwé kan jáde nínú báàgì. Inú àpótí ìyá wọn ni wọ́n ti rí i. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ̀ọ́mì, a mọ̀ pé ọjà ò tà. Ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀."

Ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ni. Wọ́n kà á pé èmi ni mo yá owó lọ́wọ́ ìyá àwọn.

Kò sí àfojúdi kankan nínú bí wọ́n ṣe sọ ọ́, òun ló tilẹ̀ dùn mí jù. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ aláìníyàá pé ìyá yín ló jẹ mí lówó? Ta ni kò ní rò pé mo fẹ́ rẹ́ òkú jẹ? Mo gbé ìwé náà lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ìyá, ohun tí gẹ̀ẹ́sì yìí sọ ni pé ẹ̀yin lẹ gba owó."

Ìbéèrè mi rèé. Kí ni "borrow" gan-an? Ṣé kì í ṣe "yá" ni? Bó bá jẹ́ "yá" ni, níbo ni mo ti ṣì í? Ọmọ mi tó wà ní kíláàsì karùn-ún gbé ìwé wálé ní táàmù tó kọjá, wọ́n fa igi pupa sábẹ́ "borrow me your pencil". Mo rò pé tíṣà rẹ̀ le jù ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣàlàyé fún mi.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́ Àìkú, aago 10:02 alẹ́

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ ọ̀rẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ọdún 34 kọ́ àwọn ọmọ girama. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo fi bírò pupa fagi lé tó èyí. Ẹ ṣe àṣìṣe, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí akọ̀wé yín rò.

Ẹ máa wo ọwọ́. Ẹni tí nǹkan ń bọ̀ sọ́wọ́ rẹ̀ ló ń "borrow". Ẹni tí nǹkan ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń "lend". Ọ̀rẹ́ yín ló borrow, ẹ̀yin lẹ lend. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti kọjá, "lent" là ń kọ. Yorùbá ò pín in báyẹn, "yá" kan náà ló ń bá wa ṣe méjèèjì. Ẹ gbọ́ ọ bí a ṣe ń sọ ọ́:

Mo yá ọ̀rẹ́ mi lówó. Owó jáde.
Mo yá owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Owó wọlé.

"Yá" kò yí padà. "Lọ́wọ́" ló fi ibi tí owó ti jáde hàn. Nítorí náà, kò sí Yorùbá tí yóò gbọ́ gbólóhùn méjèèjì tí kò ní mọ ẹni tó jẹ gbèsè. Ohun tó yé yín kedere lẹ rò lọ́kàn, ẹ wá fi "borrow" síbi tí "yá" wà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa: borrow, yá. Wọn ò sọ fún wa pé ìdajì "yá" péré ni.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ bá àwọn ọmọ yẹn. Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ sọ pé ẹ gba owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín gbọ́dọ̀ ní "from" nínú: "I borrowed ₦60,000 from my friend." Kò sí "from" nínú ìwé yín. Akọ̀wé ló fi orí ara rẹ̀ fi í síbẹ̀ nígbà tó ń kà á. Gbólóhùn yẹn kò kún, ẹni tó bá ń kà á ló ń dí ihò inú rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì àwọn òyìnbó á fi "from" dí i. Ẹni tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tiwa, èyí tí à ń sọ nínú ọjà àti nínú mọ́tò, á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ fúnni lówó, torí pé "borrow me" ni gbogbo Nàìjíríà ń wí láti Iléṣà dé Èkó.

Ọmọ Òṣómàáló
Ọjọ́ Ajé, aago 6:35 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Aláṣọ. Ọmọ Iléṣà bíi tiyín ni mí, Òkèsà ni ilé wa.

Bàbá bàbá mi jẹ́ òṣómàáló. Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n: aláṣọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n. Wọ́n á ru aṣọ lọ sí ìlú àti abúlé káàkiri, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á wá máa padà lọ gba owó díẹ̀díẹ̀. Bí oníbàárà bá ní kò sówó, wọn á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn. Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Ní ayé ìgbà yẹn, kò sí gẹ̀ẹ́sì nínú ọ̀rọ̀ gbèsè wọn rárá. Igi tí bàbá mi àgbà fi ẹfun fà sára ògiri yàrá rẹ̀ ni ìwé rẹ̀, ó sì mọ ti oníkálukú.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ẹ ní ẹ ń fa igi sẹ́yìn ìwé tiyín. Ẹ bi àwọn ọmọ bóyá igi wà lẹ́yìn tìyá wọn náà. Àwa ọmọ Ìjẹ̀ṣà, bí a bá san owó, a máa ń sàmì sí i, olùsan àti olùgbà. Bí igi mẹ́ta bá wà lẹ́yìn méjèèjì, ẹ ti borí.

Nǹkan mìíràn tún wà tí Olùkọ́ ò fọwọ́ kàn. Ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà kì í sọ pé ká lọ yá iyọ̀. "Lọ wín iyọ̀ wá" ló máa ń sọ. Odó, ìgbálẹ̀, ọkọ́, ìwọ̀nyẹn ni ó ń yá, nítorí pé odó tó lọ náà ni yóò padà wálé. Iyọ̀ tí a wín, a ti sè é jẹ. Irú rẹ̀ la ó dá padà. Owó náà, wíwín ló ń pè é. Lónìí, gbogbo wa ti sọ ọ́ di yíyá, kódà báǹkì ń pè é ní ẹ̀yáwó, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn bí ìyá mi àgbà ṣe ń pín in. Ṣé òyìnbó pín èyí, Olùkọ́?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́ Ajé, aago 7:20 àárọ̀

Rárá, wọn ò pín in. Odó àti iyọ̀, "borrow" kan náà ni lẹ́nu wọn. Wọ́n ń wo apá ibi tí nǹkan ń lọ, ìyá yín àgbà ń wo bóyá nǹkan náà gan-an ni yóò padà. Mo dúpẹ́ pé ẹ mú "wín" wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, nítorí pé ìtàn "borrow" jọ tiwa ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nínú gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, "borgian" ni. Ara "borg" ló ti jáde. Kí ni "borg"? Ohun ìdúró ni, tàbí onígbọ̀wọ́, ẹni tó fi ara rẹ̀ dúró fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹni tó borrow láyé àtijọ́ wọn ni ẹni tó fi nǹkan dúró kí wọ́n tó fún un ní nǹkan. Ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ ni láti ìpìlẹ̀, bí ó ṣe rí nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yín gan-an, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè gba ẹ̀yáwó láìní ẹni tó fọwọ́ sí i fún un.

"Lend" ní tirẹ̀, "lǣnan" ni. Kò sí "d" lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà, ẹ̀yìn ìgbà ni wọ́n fi í kún un. "Loan" tí à ń rí ní báǹkì kì í ṣe ti ilé wọn pàápàá. Ẹnu àwọn ará Àríwá Yúróòpù tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá jagun ní ilẹ̀ wọn ni wọ́n ti gbà á. Ọ̀rọ̀ àyálò ni "loan", bí "búrẹ́dì" ṣe jẹ́ àyálò lọ́dọ̀ wa láti inú gẹ̀ẹ́sì, tí "àlùbọ́sà" sì gba ẹnu Hausa wọlé.

Awakọ̀ Típà
Ọjọ́ Ajé, aago 1:15 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ ọ̀nà ni mò ń ṣe. Ihò ńlá tí a ti ń kó ilẹ̀ pupa láti fi dí ojú ọ̀nà, "borrow pit" ni àwọn ẹnjiníà ń pè é. Mo ti rí i lára pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí "burrow pit", èyí tó jẹ́ pé ihò òkété ni "burrow" yẹn. Ẹnjiníà kan ló ṣàlàyé fún mi pé "borrow" ni, nítorí pé a yá ilẹ̀ níbẹ̀ lọ síbòmíràn. Mo bi í pé ìgbà wo la máa dá a padà. Ó ní a kì í dá a padà. Omi òjò ló ń kún ibẹ̀, ọmọdé ń rì sínú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa dí àwọn ihò yẹn bí iṣẹ́ bá ti parí, mo sì máa ń sọ ọ́ níbi iṣẹ́.

Ìyá Aláṣọ, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo mọ àwọn olóòótọ́ ọjà Atakúnmọ́sà. Ọ̀rọ̀ yín á yọrí sí rere.

Ọmọ Jẹ̀ṣà ní Jámánì
Ọjọ́ Ajé, aago 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, Mọ̀ọ́mì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìmọ̀wé ló fa èyí. Níbi tí mo wà yìí, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ní fún méjèèjì bíi tiwa, "leihen". Wọ́n tún ní "borgen", tó jẹ́ ìbátan "borrow" gan-an, òun náà ń lọ sápá méjèèjì. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé àwọn yá ọ ní kẹ̀kẹ́, "Ich leihe dir ein Fahrrad". Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé àwọn yá kẹ̀kẹ́ fún ara àwọn, "Ich leihe mir ein Fahrrad". "Dir" àti "mir" ló ń ṣe iṣẹ́ tí "lọ́wọ́" ń ṣe lẹ́nu wa. Mo ti gbọ́ ará Jámánì kan tí ó sọ "can you borrow me" bí ẹni pé Òkèsà ni wọ́n bí i sí. Kódà ní apá kan Amẹ́ríkà tí àwọn ará Jámánì àti Norway tẹ̀dó sí, Minnesota àti àyíká rẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń sọ "borrow me". Nílẹ̀ gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n ń yí i sódì, tí wọ́n ń sọ "can I lend your pen" nígbà tí àwọn fẹ́ gbà á.

Ẹ gbìyànjú ohun tí Òṣómàáló sọ. Ẹ̀yìn ìwé.

Ìyá Aláṣọ Iléṣà
Ọjọ́rú, aago 9:45 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín. Mi ò wá sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ Ajé nítorí pé mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ náà kí n tó padà wá.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, mo jókòó ti ọmọ mi níbi tó ti ń ṣe ìṣirò. 52, ká yọ 17 kúrò. Ó ń sọ ọ́ sókè pé, "2 can't take 7, borrow 1 from 5." Mo ní kó tún un sọ. "Borrow 1 from 5." Lọ́wọ́ 5! Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ, kò wọ̀ mí létí rí. Mo bi í pé ta ni ó ní kó san án padà nínú 5 àti 2. Ó ní 2 ni. Èyí tí Olùkọ́ kọ ní ọjọ́ Àìkú wá yé mi délẹ̀délẹ̀.

Mo tún rí i pé èmi ì bá kọ ọ́ ní Yorùbá tí ọ̀rọ̀ ì bá má dà báyìí. Àmọ́ mo mú fóònù, mo tẹ "mo yá ọ̀rẹ́ mi lówó" láìsí àmì bí a ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, mo wò ó. "Lowo" ni. "Lówó" àti "lọ́wọ́", "lowo" ni méjèèjì láìsí àmì lórí àti lábẹ́. Àwa tí à ń kọ nǹkan owó, kì í ṣe nǹkan tó yẹ ká fi ṣeré. Mo ti sọ fún ọmọ mi pé kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí i lórí fóònù.

Àná ni mo lọ bá àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ mi nílé wọn. Mi ò gbé ìwé síwájú. Mo kọ́kọ́ sọ bí èmi àti ìyá wọn ṣe pàdé ní ìsọ̀, nígbà tí èyí ọkùnrin ṣì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo wa sunkún. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ mú ìwé náà wá, kí wọ́n yí i padà.

Igi mẹ́ta wà níbẹ̀. Bírò aláwọ̀ ewé, èyí tí òun nìkan ń lò ní gbogbo ìlà wa. Èyí obìnrin wò ó, ó wo ti ọwọ́ mi, kò sọ nǹkan kan. Ó ní kí àbúrò òun jẹ́ kí àwọn ṣírò rẹ̀. Ọmọ náà wá mú un, ó yíjú sí mi, ó ní, "Mọ̀ọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ borrow mi ní bírò yín."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ojú sókè wò ó. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bí Mọ̀ọ́mì ṣe ń sọ ọ́ náà nìyẹn." Ìyá wọn ló ń sọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú. Mo gbé e dìde. Kí ni mo fẹ́ bínú sí, nígbà tó jẹ́ èmi ni mo kọ ọ́?

Ní ti ₦45,000, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná di ìgbà tí ìyá wọn bá kó àjọ. Ó kù díẹ̀ kó kan orúkọ rẹ̀, àwọn aláàjọ sì ti gbà pé àwọn ọmọ ni yóò gbà á. Èyí àgbà ló ní dandan, kí á kọ ìwé mìíràn kí á tó ya ara wa, kí irú èyí má tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tèmi náà. Mo ní kí ó jẹ́ kí n fi gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ han àwọn èèyàn mi kan ná. Òun ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò báyìí:

"I lent my friend ₦60,000. She paid back ₦15,000. The balance is ₦45,000."

Lábẹ́ rẹ̀, mo kọ: Mo yá ọ̀rẹ́ mi ní ₦60,000. Ó ti san ₦15,000 padà. Ó ku ₦45,000.

Ṣé ó tọ́, Olùkọ́?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́rú, aago 10:05 alẹ́

Ó tọ́, Ìyá Aláṣọ. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ síbi tí ẹ kọ "my friend" sí, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí àwọn ọmọ méjèèjì fọwọ́ sí i lábẹ́ tiyín.